Ibi Tí Ooru Orí Ẹní Ìkírun Ti Ń Wá

Lọ́sàn-án Jímọ̀ ní Lọ́kọ́jà tàbí Kàbà, bí mọ́ṣáláṣí bá ti kún, gbàgede ni àwọn tó kù máa ń tẹ́ ẹní sí. Ooru tó ń fìyà jẹ wọ́n níbẹ̀ kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ nìkan. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ẹni tó wà lábẹ́ igi máńgòrò ń mí, síbẹ̀ ara tù ú jù wọ́n lọ.

Oòrùn ń pa wọ́n látòkè, ilẹ̀ tí oòrùn ti ń yan láti àárọ̀ sì ń tú ooru tirẹ̀ jáde nísàlẹ̀. Ti kọnkéré máa ń le gan-an. Ẹni tó dúró lè fara dà á, àmọ́ bó bá foríkanlẹ̀, iwájú orí, imú, àtẹ́lẹwọ́ àti orúnkún ló ń kan ilẹ̀ náà. Ẹní tó nípọn ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ní Mẹ́kà, mábù funfun láti ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n tẹ́ yí Káábà ká, torí ó ń ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà dípò kó gbà á sára.

Páànù tàbí tapólì tó bá rẹlẹ̀ jù náà máa ń gbóná, á wá da ooru sórí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n gbé e ga, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí fún atẹ́gùn. Ewé igi kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, nítorí omi ń fẹ́ kúrò lára rẹ̀ bí òógùn ṣe ń fẹ́ kúrò lára èèyàn.

Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná ju awọ ara lọ, ìyẹn nǹkan bíi 35°C, òógùn nìkan ló kù tó lè gbé ooru kúrò lára, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó ṣiṣẹ́. Èyí tó ń kán sílẹ̀ ti ṣòfò. Nígbà ọyẹ́, ó ń yára gbẹ débi pé ẹni tó ń gbààwẹ̀ lè má mọ̀ pé omi ń tán lára òun. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti fẹ́ wọlé, tí ọ̀rinrin kún afẹ́fẹ́ Lọ́kọ́jà, kì í fẹ́ gbẹ mọ́. Lábẹ́ agbòòrùn ńláńlá 250 tó wà ní gbàgede Mọ́ṣáláṣí Ànọ́bì ní Mèdínà, fáànù ń fọ́n omi bí ìrì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ibẹ̀ sì ń fà á mu. Bí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà lóṣù kẹrin, aṣọ ni yóò kàn rin.

Ti yídì yàtọ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ń kírun rẹ̀, ilẹ̀ kò tíì yan, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni gàbàsì wa, ìyẹn ibi tí à ń kọjú sí kírun, wà, oòrùn á sì máa ta sójú àwọn èèyàn. Iwájú ló yẹ kí wọ́n gbin dóńgóyárò sí, kí òjìji rẹ̀ lè na sẹ́yìn bo àwọn sáfù, ìyẹn ìlà àwọn tó ń kírun. Ti ọ̀sán Jímọ̀, igi ẹ̀gbẹ́ kò lè gbà á, oòrùn ti wà ní àtàrí: àfi ẹ̀ka tó ràdọ̀ bo orí wọn.