Irú ọjọ́ wo ni òyìnbó ní nígbà tó bá ní "I've had a day"?

Ìbéèrè: Ẹnìkan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Manchester wọlé, ó fìdí lélẹ̀ gbì, ó mí kanlẹ̀, ó ní "I've had a day." Mo ń retí kó parí ọ̀rọ̀, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ọjọ́ wo ló ní?

Ìdáhùn: Ó ti parí ọ̀rọ̀ o. Ojú òun rí màbo lónìí ló ń sọ. Ta ló jí láàárọ̀ tí kò ní ọjọ́? Tí òyìnbó bá wá dá "day" dá wa báyìí, tó tẹ̀ ẹ́, tó sì fà á gùn díẹ̀, inú ohun tí kò sọ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ ìyá rẹ̀ ni "It's been one of those days." Ẹ má ronú kan ọjọ́ tí "those" ń tọ́ka sí, kò sí i. Bọ́ọ̀sì já a sílẹ̀, kọ́fí dà sí i láṣọ, kọ̀ǹpútà kọ̀ kò ṣí: wàhálà kéékèèké tó ń gorí ara wọn ni. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà ní "Oh no, what happened?" Tó bá fẹ́ rojọ́, á rò ó. Tí kò bá fẹ́, ẹ bá a gbé omi tíì kaná. Nílùú Ọba, ìyẹn náà ti tó "ẹ pẹ̀lẹ́".

Ìbéèrè: "Long day" ńkọ́? Ṣebí wákàtí 24 náà ni.

Ìdáhùn: Iṣẹ́ àti àárẹ̀ ló gùn. Àmọ́ tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́, ẹ ṣọ́ra. Ní àwọn ọsibítù ìlú Ọba, "long day" ni wọ́n ń pe iṣẹ́ àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 12. Nọ́ọ̀sì tó ní "I'm on a long day tomorrow" kò ráhùn rárá, ìgbà tó máa wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń sọ.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi ní òun ní "an off day". Mo ní kó gbádùn ìsinmi rẹ̀, ló bá ń wò mí.

Ìdáhùn: Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà lẹ fi gbọ́ ọ. Nílé, ọjọ́ ìsinmi la ń pè bẹ́ẹ̀. "Day off" ni tiwọn. "Off day" ni ọjọ́ tí ọwọ́ èèyàn kò mọ́ iṣẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀: bí agbábọ́ọ̀lù tó ku òun àti aṣọ́lé nìkan, tó wá gbá bọ́ọ̀lù sókè fíofío.

Ìbéèrè: Ẹni tó ní ọjọ́ òun "not bad", ṣé ó dára fún un àbí kò dára?

Ìdáhùn: Lẹ́nu ará ìlú Ọba, ó lè jẹ́ pé ó dùn mọ́ ọn gan-an, ohùn rẹ̀ lẹ máa fi mọ̀. "Quite good" ló tún lè tan yín jẹ. Bí ará Amẹ́ríkà bá sọ ọ́, ó yin ọjọ́ náà. Bí ará ìlú Ọba bá sọ ọ́, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó kàn mọ níwọ̀n ni.