Iyọ̀ Ló Ń Ṣí Ẹran Omi Kiri Nínú Ọ̀sà Èkó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹja ní Màkókò, ẹ ti rí i pé ohun tó wà nínú agbọ̀n lásìkò òjò yàtọ̀ sí ti ọ̀gbẹlẹ̀. Iyọ̀ ló fà á. Bí òjò bá le, odò Ògùn àti Májìdún á da omi wọn sínú ọ̀sà, iyọ̀ á sì já wálẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, omi òkun, tí nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 wà nínú lítà rẹ̀ kan, á gba ẹnu ọ̀sà wọlé.

Ẹ mú akàn kan, ẹ yí ikùn rẹ̀ sókè. Èyí tí ìdérí ikùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni akọ. Èyí tó fẹ̀ ni abo. Bí ẹyin aláwọ̀ ọsàn bá dì mọ́ abẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sómi. Ọ̀nà ẹnu òkun ló forí lé, torí ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kì í yè láìsí iyọ̀. Edé ńlá inú odò náà, tí ń gbé omi dídùn láti kékeré dàgbà, omi oníyọ̀ díẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ níbẹ̀rẹ̀.

Ti epìyà alágbọ̀n dúdú tún yàtọ̀: bàbá ló ń kó ẹyin sẹ́nu títí wọn á fi pa. Bí àwọ̀n bá gbé e, ó lè tu gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹyin kéékèèké tí ẹ máa ń rí nísàlẹ̀ ọkọ̀ apẹja nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹja létí ọ̀sà gbọ́dọ̀ wọn iyọ̀ ná. Ẹ fi omi distilled, tí kò ní iyọ̀ kankan, dá refractometer, ìyẹn ohun èlò tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, padà sí òdo, ẹ nù ún, ẹ kán omi ọ̀sà méjì-mẹ́ta sí i, ẹ dé e kí afẹ́fẹ́ má há sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá kọjú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ojú omi nìkan ni ọ̀pọ̀ máa ń bù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í: omi oníyọ̀ wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń dì sí. Ẹ so òkúta mọ́ ìgò, ẹ fi okùn mìíràn fa ìdérí rẹ̀ yọ tó bá dé ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni omi ń kún lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà. Ẹ wọn ọ́n nígbà méjèèjì.

Iyọ̀ nìkan kọ́ o. Lẹ́búlẹ́bú pákó tó ti rì sómi ní ìhà Òkóbàbá, níbi tí wọ́n ti ń la pákó láti ọjọ́ pípẹ́ wá, máa ń jẹrà, kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ á sì gba atẹ́gùn inú omi tán. Akàn á rìn lọ, ìṣáwùrù ò lè sáré. Bí ẹrẹ̀ ibì kan bá dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ẹ má wulẹ̀ dẹ ìgèrè síbẹ̀.