Hóró nánò sílíkà tí a fi pọ́lísákáráìdì bò

Hóró nánò sílíkà tí a fi pọ́lísákáráìdì bò jẹ́ ìyẹ̀fun kíkúnná, tí hóró rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, tó ń gbé oògùn tàbí èròjà ewéko wọ inú ara, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Sílíkà ló pọ̀ jù nínú iyanrìn. Pọ́lísákáráìdì ni ọ̀pọ̀ ṣúgà tó so kọ́ra, bíi sítáàṣì, gum arabic, àti kítósánì tí wọ́n ń rí lára èèpo edé àti akàn.

Sílíkà náà kún fún ihò tóóró. Irú rẹ̀ kan ni MCM-41, tí àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Mobil kéde ní 1992. Bí a bá tẹ́ gbogbo ojú ara gíráàmù kan rẹ̀ sílẹ̀, ó lè tó 1,000 mítà onígun mẹ́rin. Ní 2001, María Vallet-Regí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sípéènì fi oògùn ibuprofen sínú rẹ̀. Àmọ́ ihò tí kò ní ọmọrí, kíá ni oògùn ń jò jáde níbẹ̀.

Ìbòrí ló wá gba ọgbọ́n jù. Kítósánì a máa wú nínú ásíìdì, nítorí náà inú ikùn ló ti ń ṣílẹ̀kùn. Alginate, tó ti ara ewé inú òkun wá, a máa sún kì nínú ásíìdì, á sì wú nínú ìfun. Pectin, tó ti ara èso wá, ní tirẹ̀ ń dúró de kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ńlá kó tó já.

Curcumin ni àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀. Ó wà nínú ata ilẹ̀ pupa, tí àwọn Yorùbá alágbo mọ̀ dáadáa, wọn ì báà wà ní Ìlọrin tàbí Àbújá. Kò fẹ́ yọ́ nínú omi rárá, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba díẹ̀ fi ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á yọ́ ọ nínú ọtí ethanol, wọ́n á da sílíkà sí i. Ìyẹ̀fun funfun náà á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ata ilẹ̀ pupa fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rì í sínú kítósánì. Iná mànàmáná ara sílíkà jẹ́ nẹ́gétífù, ti kítósánì jẹ́ pọ́sítífù, àwọn méjèèjì á sì lẹ̀ mọ́ra fúnra wọn.

Ohun èlò rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní àríwá Nàìjíríà. Èèpo ìrẹsì ń di òkìtì lẹ́yìn ilé ìlọrẹsì ní Kébbì, Kánò àti Pàtígi. Tí a bá fi ásíìdì fọ̀ ọ́, tí a sì sun ún ní nǹkan bí 600°C, eérú funfun tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì sílíkà. Gum arabic ń jáde lára igi akasíà ní Yóbè, Bọ̀rnó àti Jígáwà. Nẹ́gétífù lòun náà, kò lè lẹ̀ mọ́ sílíkà tààrà. Kítósánì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi tẹ́ ẹ.

Nínú ara, sílíkà ń yọ́ di ásíìdì sílísíìkì, tó ń bá ìtọ̀ jáde. Èyí tí a kò bò lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa bó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀; ìbòrí ń dín ewu yìí kù.