Eyín Kì Í Ṣe Egungun: Bó Ṣe Ṣẹ̀ Wá

Nítorí pé eyín funfun, tó sì le, egungun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà á sí. Galen, àgbà oníṣègùn ayé àtijọ́, kà á bẹ́ẹ̀ náà. Ní 1563, Bartolomeo Eustachi tó ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Róòmù tẹ ìwé kan jáde lórí eyín nìkan. Ó ti la àgbọ̀n àwọn ọmọ tó kú sínú oyún, ó sì bá eyín níbẹ̀ tó ti ń dàgbà lábẹ́ ẹran.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà oyún ni awọ inú ẹnu ọmọ máa ń nípọn, tí á rì wọ inú ẹran àgbọ̀n. Á ta kókó, mẹ́wàá lókè, mẹ́wàá nísàlẹ̀. Kókó kọ̀ọ̀kan á dé ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀ bíi fìlà, lẹ́yìn náà á jìn bí agogo.

Ibi tí agogo yìí ti kan ẹran tó bò ni iṣẹ́ wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tò sójú ẹran ló ń kọ́kọ́ tẹ́ dẹ́ńtìnì, ìyẹn apá inú tó pọ̀ jù lára eyín. Ìgbà tí wọ́n bá ti tẹ́ díẹ̀ ni àwọn tó tò sínú agogo á tó máa tẹ́ ẹ́námẹ́lì, èèpo líle tó bo eyín lóde, lé e. Wọ́n á wá máa fi ẹ̀yìn rìn jìnnà síra wọn: ẹ́námẹ́lì ń nípọn síta, dẹ́ńtìnì ń nípọn sínú. Bí sẹ́ẹ̀lì dẹ́ńtìnì ṣe ń sún sẹ́yìn, ó ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, dẹ́ńtìnì á sì dì yí i ká. Àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn yìí wà nínú wọn ni Antoni van Leeuwenhoek, ará Netherlands, fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá rí ní 1678, tó ní páìpù wẹ́wẹ́ ló para pọ̀ di eyín. Omi wà nínú wọn. Tí ẹ́námẹ́lì bá jẹ lọ, ohun tútù á mi omi náà, mùdùnmúdùn eyín tí iṣan ìmọ̀lára wà nínú rẹ̀ á gbọ́ ọ, eyín á sì máa kanni.

Ẹ́námẹ́lì ló le jù nínú gbogbo ara: nínú ìwọ̀n 100, bíi 96 jẹ́ èròjà líle, ti dẹ́ńtìnì ò ju bíi 70 lọ. Ṣùgbọ́n títẹ́ rẹ̀ ò yá. Nǹkan bí ìdá 4 nínú 1,000 mìlímítà ni lójúmọ́, ìyẹn ni pé mìlímítà kan á gba 250 ọjọ́. Lára eyín ìgbà èwe tí a gé wò lábẹ́ awò, ìlà kan wà láàárín èyí tí a tẹ́ nínú oyún àti èyí tí a tẹ́ lẹ́yìn rẹ̀: ọjọ́ ìbí ni ìlà náà. Àìsàn líle tó bá ká àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí mọ́ ẹnu iṣẹ́ lè dá kòtò sára eyín. Oògùn tetracycline, tó ń pa kòkòrò àìsàn, ń lẹ̀ mọ́ kálísíọ̀mù tó wà nínú eyín tó ń dàgbà, ìdí nìyẹn tí a kì í ṣàdédé fún aláboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8: eyín tó bá hù á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ò sì lè fọ̀ ọ́ lọ.

Ohun tó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ nìyí: nígbà tí eyín bá yọ, àwọn tó tẹ́ ẹ́námẹ́lì ti kú tán. Itọ́ lè dá èròjà padà síbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti lu, ara ò lè dí i mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ dẹ́ńtìnì ṣì wà láàyè létí mùdùnmúdùn ní tiwọn, wọ́n sì lè mọ odi nínú tí akokoro bá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Gbòǹgbò ló ń kẹ́yìn. Etí agogo á gùn sísàlẹ̀, dẹ́ńtìnì á tẹ̀ lé e, èròjà líle tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní sìmẹ́ńtì eyín á sì bò ó níta. Ibi iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jan Purkyně ní Breslau (Wrocław ní Poland lónìí) ni wọ́n ti ṣàpèjúwe sìmẹ́ńtì yìí lára eyín èèyàn ní 1835. Okùn wẹ́wẹ́ ló so ó mọ́ àgbọ̀n. Eyín ò lẹ̀ mọ́ egungun. Bí eyín àgbà bá yọ dànù nítorí ìṣubú, orí funfun ni kí ẹ dì mú. Ẹ má ha gbòǹgbò, ẹ má fi aṣọ nù ún, torí okùn tó ṣì yè lára rẹ̀ ni yóò tún un so. Tó bá dọ̀tí, ẹ fi omi ṣàn án wéré, kí ẹ tì í padà sí ihò rẹ̀, tàbí kí ẹ fi sínú wàrà tútù, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín kí wákàtí kan tó pé. Eyín ìgbà èwe nìkan ni a kì í dá padà, nítorí eyín tó ń bọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.