Discovery (àwo orin Daft Punk)

Discovery ni àwo orin kejì tí Daft Punk, olórin méjì láti ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Virgin. Orin mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì fi díẹ̀ lé ní wákàtí kan. Orin ijó ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe fún àwọn tó ń jó mọ́jú ní kílọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tó jáde mọ orin bíi mẹ́ta lórí nínú rẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ mọ ẹni tó ṣe é. Ohun tó mú ìtàn rẹ̀ jọni lójú ni pé ẹ̀sùn tí àwọn alárìíwísí kan fi kàn án lọ́dún 2001, pé adùn rẹ̀ ti pọ̀ jù àti pé ó ń fa dísíkò àtijọ́ yọ láìtijú, òun gan-an ni àwọn olùgbọ́ ń tìtorí rẹ̀ padà sí i.

Àwọn tó ṣe é

Thomas Bangalter àti Guy-Manuel de Homem-Christo pàdé nílé-ìwé Lycée Carnot ní Paris lọ́dún 1987. Orin kì í ṣe àjèjì nílé Bangalter: bàbá rẹ̀, tí àwọn olórin mọ̀ sí Daniel Vangarde, wà lára àwọn tó kọ "D.I.S.C.O." fún Ottawan àti "Cuba" fún Gibson Brothers, orin dísíkò méjì tí wọ́n jó káàkiri Yúróòpù. Orin rọ́ọ̀kì ni àwọn ọmọkùnrin méjèèjì kọ́kọ́ dán wò, nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Darlin', pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn Laurent Brancowitz. Ìwé ìròyìn orin Melody Maker nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ, ó sì fi orin náà ṣẹ̀sín. Inú gbólóhùn ẹ̀sín yẹn ni wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ tó di orúkọ wọn.

Àwo wọn àkọ́kọ́, Homework, jáde lọ́dún 1997. Ìró rẹ̀ gbẹ, ó sì le, ó ń rántí orin house tí àwọn DJ aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní Chicago ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú. Orin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ "Teachers". Ìlù ń lọ lábẹ́, ohùn kan sì ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ìbà ni wọ́n ń jú. Orúkọ Romanthony àti Todd Edwards, olórin house méjì láti ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, wà nínú ìjúbà náà. Nígbà tí Discovery kàn, àwọn ọ̀gá tí wọ́n júbà fún yìí ni wọ́n ránṣẹ́ pè wá kọrin. Romanthony ló kọ èyí tó ṣí àwo náà, "One More Time", òun náà ló sì kọ èyí tó pa á dé, "Too Long", tó gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Edwards ló kọ "Face to Face".

Iṣẹ́ inú ilé

Láàárín 1998 sí 2000 ni wọ́n ṣe é, nínú ilé Bangalter ní Paris, bí wọ́n ti ṣe Homework náà. "One More Time" ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí ó tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2000 láti ṣíwájú àwo.

Bangalter ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ìgbà èwe ni àwo náà dá lé lórí. Ọmọdé kì í bi ara rẹ̀ bóyá orin tó dùn mọ́ òun bágbà mu tàbí kò bágbà mu; bó bá ti dùn, ó ti dùn náà nìyẹn. Ìdí rèé tí jìtá oníná ti àwọn olórin rọ́ọ̀kì líle tí wọ́n ń pè ní metal fi lè bá dísíkò àti orin ìfẹ́ orí rédíò jókòó nínú àwo kan ṣoṣo. "Aerodynamic" ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Agogo ńlá ló kọ́kọ́ dún bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, ijó bẹ̀rẹ̀, lójijì ijó dúró, ohun kan tó jọ jìtá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lókè lódò bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe orin kílọ́ọ̀bù lọ́dún 2001 kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Èèwọ̀ àwọn àgbà DJ ni.

Ohùn èèyàn nínú àwo náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ju jìtá lọ. Wọ́n ṣe Auto-Tune láti fi tún ohùn akọrin tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sì fura. Cher, akọrin ọmọ Amẹ́ríkà, ti fi í ṣe ọ̀ṣọ́ ní gbangba nínú "Believe" lọ́dún 1998. Daft Punk gbà á, wọ́n sì fi í bo ohùn Romanthony, akọrin tí ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti akọrin ìjọ aláwọ̀ dúdú, títí ó fi ń gbọ̀n tó ń dán bí irin. Àwọn kan ráhùn pé wọ́n ba ohùn rere jẹ́. Ìdáhùn Bangalter ni pé ìráhùn yìí kò yàtọ̀ sí ti àwọn olórin Faransé tó fẹ́ kí wọ́n fòfin de kíbọ́ọ̀dù oníná ní ìparí àwọn ọdún 1970. Lónìí, láti Atlanta dé Èkó, ta ni kò lo Auto-Tune?

Orin méjì lẹ́bàá etí

"One More Time" bẹ̀rẹ̀ bí àsè. Fèrè àti kàkàkí tó ń dún láti òkèèrè ń sún mọ́ ẹni, ìlù ńlá sì já lulẹ̀: gbì, gbì, gbì, gbì. Kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀ títí orin náà fi dé àárín. Níbẹ̀ ni ìlù ti kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ohùn dùùrù ló kù, tó ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú Romanthony tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ó sì tó bí ìṣẹ́jú méjì kí ìlù tó padà. Nínú orin ijó tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún àti díẹ̀ lọ, àsìkò gígùn nìyẹn. Ẹni tó ti wà ní òde tí onígángan ti dáwọ́ dúró lójijì, tí gbogbo agbo gbé ẹsẹ̀ kan sókè tí wọ́n ń wojú rẹ̀, mọ ohun tí ìdádúró yẹn ń ṣe fún ara. Orin náà gba ipò kìíní ní Faransé, ó sì dé ipò kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọgbọ́n inú "Harder, Better, Faster, Stronger" jẹ́ ti ọ̀rọ̀. Ègé ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́rìndínlógún péré ló wà níbẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn: ṣe é, tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin mìíràn tẹ̀ lé e: líle, dáradára, kíákíá, lágbára. Kò sí èyí tó dá dúró tó ní ìtumọ̀ kan gúnmọ́. Nígbà tí orin tẹ̀ síwájú ni apá kejì wá bọ́ sínú àlàfo tí apá kìíní ti fi sílẹ̀, bí ègbè ṣe ń bọ́ sẹ́nu lílé, gbólóhùn odindi sì yọ: ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí kì í tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn náà sókè sódò títí ọ̀rọ̀ fi di ohun èlò orin, tí a kò lè pè é ní ọ̀rọ̀ mọ́.

Kanye West, olórin ráápù ọmọ Amẹ́ríkà, gé lára rẹ̀ fún "Stronger" lọ́dún 2007, ó sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún yẹn kan náà ni fídíò Daft Hands gba orí YouTube kan: ọwọ́ méjì péré ni, a kọ àwọn ọ̀rọ̀ orin náà sára ìka, ìka sì ń ṣí ó ń pa dé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bọ̀. Ẹ̀dà tí Daft Punk fúnra wọn ṣe lójú agbo, tí wọ́n fi "Around the World" láti inú Homework lú u pọ̀, gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy lọ́dún 2009.

Orin àtijọ́ tí wọ́n gé lò

Ọ̀pọ̀ nínú àwo náà wá láti inú orin àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ sampler ló ń ṣe é: ó máa ń gbà ìró díẹ̀ láti inú àwo àtijọ́, olórin á gé e, á yí i, á tò ó tún. Ìdí "Digital Love" ni "I Love You More" ti George Duke. DJ Sneak, tó gbajúmọ̀ nínú orin house ní Chicago, wà lára àwọn tó kọ orin náà. Kíbọ́ọ̀dù tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú "Harder, Better, Faster, Stronger" wá láti "Cola Bottle Baby" ti Edwin Birdsong. "Superheroes" ní ohùn Barry Manilow nínú, "Crescendolls" sì yọ láti inú orin The Imperials. Daft Punk kò sì gbára lé orin tí wọ́n gé nìkan. Wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn lu èyí tó pọ̀, wọ́n á wá mú kó dún bí ohun tí wọ́n hú láti inú àwo àtijọ́, débi pé àwọn tó ń ṣọdẹ orísun orin máa ń wá ohun tí kò sí rárá.

Èyí tí ìtàn rẹ̀ wúwo jù ni ti "One More Time". Fèrè àti kàkàkí inú rẹ̀ jọ ti "More Spell on You", orin dísíkò tí Eddie Johns kọ ní Paris ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ọmọ ilẹ̀ Làìbéríà ni Johns. Lọ́dún 2021, ìwé ìròyìn Los Angeles Times kọ ọ́ pé kò tíì rí owó kankan gbà lórí ìlò yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀tọ́ orin náà sọ fún ìwé ìròyìn náà pé Daft Punk ń san owó fún àwọn, pé Johns ni àwọn kò rí. Ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣọ̀wọ́n nínú orin ijó: ẹni tó ni ohùn àti ẹni tó ni ìwé ẹ̀tọ́ kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà.

Bí àwọn èèyàn ṣe gbà á

Nígbà tó jáde, àwọn tó fẹ́ràn Homework ló kọ́kọ́ yí ojú padà. Pitchfork, ìkànnì àwọn alárìíwísí orin ní Amẹ́ríkà, fún un ní 6.4 nínú 10. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ìkànnì yẹn kan náà tún máàkì rẹ̀ ṣe, ó fún un ní 10 gbáko. Ìwé ìròyìn orin Rolling Stone ti fi í sí ipò 236 nínú àkójọ àwo 500 tó dára jù lọ tó gbé jáde lọ́dún 2020. Láàárín máàkì Pitchfork méjèèjì, àwọn ọmọdé ọdún 2001 ti dàgbà, wọ́n sì ti di alárìíwísí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ti máàkì lọ. Daft Punk gbé òkìtì onígun mẹ́ta oníná lọ sí Coachella, àjọ̀dún orin ní California, ní oṣù kẹrin ọdún 2006, wọ́n dúró sínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi orin àwo mẹ́ta wọn lú ara wọn. Àwọn tó wà níbẹ̀ kà á sí ìgbà tí orin ẹ̀rọ di eré ńlá lójú àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìrìn-àjò eré tó tẹ̀ lé e bí àwo Alive 2007, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn Bercy ní Paris. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2017, àwọn ológun Faransé fi fèrè àti ìlù wọn ṣe àkópọ̀ orin Daft Punk níwájú ààrẹ ilẹ̀ wọn àti ti Amẹ́ríkà. Orin kílọ́ọ̀bù ti wọ aṣọ ológun.

Róbọ́ọ̀tì àti kàtúùnù

Àkókò Discovery ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé akoto róbọ́ọ̀tì, ti Homem-Christo jẹ́ wúrà, ti Bangalter jẹ́ fàdákà. Ìtàn tí wọ́n ń pa fún àwọn oníròyìn ni pé ẹ̀rọ sampler àwọn bú gbàmù ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ní ọjọ́ 9 oṣù 9 ọdún 1999, pé nígbà tí àwọn jí, róbọ́ọ̀tì ni àwọn. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, gbogbo èèyàn ló sì ń tún un sọ.

Ní kékeré, wọ́n máa ń wo kàtúùnù Leiji Matsumoto ọmọ Japan lórí tẹlifíṣàn Faransé, èyí tí àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ̀ sí Albator. Wọ́n gbé àwo náà lọ bá a ní Tókíò, ilé-iṣẹ́ Toei Animation sì fi í ṣe fíìmù Interstella 5555, tí Kazuhisa Takenouchi darí tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes lọ́dún 2003. Àwọn olórin mẹ́rin tí awọ ara wọn búlúù ń gbé nínú ayé mìíràn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ orin kan láti ilé ayé jí wọn gbé, ó pa wọ́n láwọ̀ dà kí wọ́n lè jọ èèyàn, ó sì ń ti ọwọ́ wọn bọ ìwé àdéhùn. Fíìmù tó ń bú ilé-iṣẹ́ orin báyìí, owó orin ni wọ́n fi ṣe é.

Daft Punk tú ká ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2021. Matsumoto kú lọ́dún 2023. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, fíìmù náà padà sí sinimá ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan tí àwọn òṣèré inú rẹ̀ ń bá ara wọn sọ. Orin mẹ́rìnlá náà ló ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí wọ́n ṣe tò ó sínú àwo.