ISP: alágbàtà tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín

Lọ́dún 2004, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan ní kafé kan ní Tanke, nílùú Ìlọrin, kí n lè fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní London. Ogún ìṣẹ́jú ti lọ, ojú ewé Yahoo kò tíì ṣí tán. Mo lọ bá oníkafé. Ó kàn nàka sí òrùlé: "Wọn ò fún wa ní púpọ̀ láti òkè ni." Mo kọ́kọ́ rò pé Ọlọ́run ló ń bá wí.

Àwọn tó wà "lókè" yẹn ni wọ́n ń pè ní ISP, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń so èèyàn mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó sì ń gbowó lé e. Èmi máa ń pè wọ́n ní alágbàtà, torí kò sí ẹnì kan tó ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà. Kò gbin ẹ̀gẹ́, kò yan gàrí. Àpò àpò ló rà á, kóńgò kóńgò ló ń tà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ISP ṣe ń ra ọ̀nà ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ni wáyà abẹ́ òkun, tí yóò wá pín in wẹ́wẹ́ fún ilé, ọ́fíìsì àti kafé.

Ṣùgbọ́n oní gàrí kò lè ta kóńgò kan ṣoṣo fún èèyàn mẹ́rin. ISP lè ṣe é, olè kọ́ sì ni. Ká ní ó ra mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (mẹ́gábíìtì ni wọ́n fi ń wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára tó), ó lè ta mẹ́gábíìtì 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ilé 20. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, 400 ló tà nínú 100. Lọ́sàn-án, kò séwu, torí ọ̀pọ̀ ò sí nílé. Tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo wọn jọ ń wo fídíò, mẹ́gábíìtì 5 péré ló kan kálukú. Ìdí nìyẹn tó fi ń yá lọ́sàn-án tó ń wọ́ lálẹ́. Nítorí náà, tí wọ́n bá pariwo "mẹ́gábíìtì 20" fún yín, ẹ bi wọ́n pé ilé mélòó la jọ máa pín in.

Kí ló wá sọ àwọn alágbàtà yìí di púpọ̀? Wáyà ni. Nígbà kafé yẹn, SAT-3 nìkan ni wáyà abẹ́ òkun tó wọ Nàìjíríà, NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ló sì dì í mú. Ẹni tí kò rí i lò á gbé dísìì ńlá sórí òrùlé, á máa bá sátẹ́láìtì tó jìnnà tó 36,000 kìlómítà sọ̀rọ̀: ó wọ́n, ó sì ń falẹ̀. Lọ́dún 2010, wáyà Glo-1 àti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjà kúrò lọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan, owó sì já wálẹ̀. Wáyà Equiano dé Èkó ní 2022. Starlink, ISP tó ń lo sátẹ́láìtì, tí tirẹ̀ kò ju nǹkan bí 550 kìlómítà sókè lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Nàìjíríà ní 2023.

Èkó ni ọ̀pọ̀ jù lọ wáyà òkun ti ń gúnlẹ̀ o. Kó tó dé Ìlọrin, wọ́n ní láti ri wáyà mìíràn mọ́ ẹ̀bá títì fún nǹkan bí 300 kìlómítà, ìjọba ìpínlẹ̀ sì lè gbowó lórí ilẹ̀ tó gbà kọjá. Àdéhùn àwọn gómìnà ní 2013 jẹ́ náírà 145 lórí mítà kan. Kwara sọ tirẹ̀ di náírà kan péré lórí kìlómítà kan. Lójú tèmi, èyí wúlò ju gbogbo ìpàdé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ayélujára tí wọ́n ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù lọ.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: MainOne, SAT-3, ACE àti WACS. Ọjà Ìpàtà ni mo wà. Alápatà ti gé ẹran, ó ti dì í sínú láílọ́ọ̀nù, POS rẹ̀ ń yí, ó ń yí, owó kò wọlé. Ó gba ẹran náà padà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí tábìlì.

Landlọ́ọ̀dù mi náà ti di alágbàtà báyìí. Ó gba íntánẹ́ẹ̀tì kan sórí òrùlé, ó pín in fún yàrá 12, ó ń gbowó oṣooṣù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́ ni fídíò mi dúró gbagidi. Mo jáde lọ bá a. Ó kí mi dáadáa, ó sì nàka sí òrùlé.