Bí Ìpakúpa Lójú Ogun Ṣe Ń Rí Alátìlẹ́yìn Nílé

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1968, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ya wọ abúlé My Lai ní Vietnam. Kò sí ọmọ ogun ọ̀tá tó kojú wọn níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n pa obìnrin, arúgbó, ọmọdé àti ìkókó. Òkú 347 ni ìwádìí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kà. Orúkọ 504 ló wà níbi ìrántí tí àwọn ará Vietnam gbé kalẹ̀. Nígbà tí ilé ẹjọ́ ológun wá dá William Calley, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó kó wọn lọ, lẹ́bi lọ́dún 1971, ẹni 79 nínú 100 àwọn tí wọ́n bi léèrè ní Amẹ́ríkà ló lòdì sí ìdájọ́ náà.

Ó rọrùn láti pe àwọn tó lòdì sí i níkà, ṣùgbọ́n ìkà nìkan kò lè kó èrò tó bẹ́ẹ̀ jọ.

Inú ìròyìn tí àwọn ológun ń kọ ni irú àtìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Vietnam, iye òkú ọ̀tá ni àwọn ọ̀gá ológun fi ń díwọ̀n bí ogun ṣe ń lọ, nítorí náà òkú kankan kì í ṣòfò: ẹni tó bá ti kú, ọ̀tá ni. Ìròyìn àkọ́kọ́ láti My Lai ní wọ́n pa ọ̀tá 128, wọ́n sì gba ìbọn 3. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yẹ kó béèrè ohun tí àwọn 125 yòókù fi ń jagun. Ó lé lọ́dún kan kí Ron Ridenhour, ọmọ ogun tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀, tó kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ. Oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni akọ̀ròyìn Seymour Hersh tó gbé e síta.

Nígbà yẹn, ogun ti gba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ẹni tó bá gba ìròyìn náà gbọ́ ní láti tún ohun tí ọmọ rẹ̀ lọ ṣe lọ́hùn-ún rò. Ó yá ni lára ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ní irọ́ ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá di ẹjọ́, ó gba ọ̀nà mìíràn. Kò sẹ́ni nílé tó mọ orúkọ àwọn tó kú, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé ìròyìn ló ń gbé àwòrán Calley, ọmọ wọn sì ni. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Àwọn tó fẹ́ ogun ní iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Àwọn tó kórìíra ogun náà ní: àwọn ọ̀gá tó rán an ńkọ́? Ẹni 69 nínú 100 gbà pé ẹrù ẹlòmíràn ni wọ́n dì rù ú. Ìbéèrè yẹn tọ́, torí Calley nìkan ni wọ́n dá lẹ́bi nínú gbogbo àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Àmọ́ dípò kí wọ́n fi ìbéèrè tó tọ́ fa àwọn ọ̀gá wá jẹ́jọ́, ẹnì kan ṣoṣo tí ọwọ́ tẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ fún. Bí àwọn tí kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun ṣe pàdé nídìí ẹnì kan nìyẹn.

Olóṣèlú kì í pẹ́ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Calley, Ààrẹ Nixon pàṣẹ kí wọ́n mú un kúrò lẹ́wọ̀n lọ sí ilé tó ń gbé ní bárékè. Wọ́n gé ìyà náà sí ọdún 20, wọ́n tún gé e sí 10. Kí ọdún 1974 tó parí, ó ti gba òmìnira.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan. Lẹ́yìn tí Dyer, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n yìnbọn lu èrò tí kò gbé ohun ìjà ní Amritsar, Íńdíà, lọ́dún 1919, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ka òkú 379, ìwé ìròyìn kan ní London dá owó jọ fún un. Ó lé ní £26,000.

Ẹni tí irú àwọn alátìlẹ́yìn yìí kì í fẹ́ rí ni ẹni tó kọ̀. Ní My Lai, Hugh Thompson gbé hẹlikọ́pítà rẹ̀ balẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn ará abúlé tó ń sá, ó sì kó díẹ̀ nínú wọn yọ. Bí Thompson bá lè kọ̀, a jẹ́ pé “wọ́n ní kí n ṣe é ni” kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀, tí wọ́n ń fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn, tí aṣòfin Mendel Rivers sì sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá wà tó yẹ kó jìyà lórí ọ̀rọ̀ My Lai, Thompson ni. Ọdún 1998, nígbà tí kò sí ẹjọ́ kankan nílẹ̀ mọ́, ni iléeṣẹ́ ológun tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí àwọn tó kó yọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà.